Ìkúnlẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ Qudrah, aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀ ló wọ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá wọn ní Mowe, ó ń wo ara rẹ̀ bí awakọ̀ ṣe ń wo epo tó kù nínú táńkì. Bó bá wẹ ọmọ, kò ní lè di irun rẹ̀. Bó bá di irun ọmọ, kò ní lè dúró nídìí iná po ọ̀gì. Ó wẹ ọmọ náà, ó da hijáàbù bo irun tí kò dì, ó ra búrẹ́dì.

Alhaji Mùsáfírù ló ránṣẹ́ sí wọn. Àbúrò bàbá Muqtadir ọkọ Qudrah ni, òun sì ni olórí ẹbí wọn ní Ifo. Ó ní kí wọ́n mú Nusaybah wá. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹbí ní ìyá rẹ̀ kò lè tọ́jú rẹ̀. Ìyá ọkọ, Alhaja Ròkíátù, ni yóò gbà á sọ́dọ̀ títí ìyá ọmọ yóò fi jáwọ́ nínú ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: kó jáwọ́, bí ẹni tó ń mu sìgá.

Kò sí ẹni tó pe Qudrah ní ọ̀lẹ rí kó tó di ọdún tó kọjá. Ibafo ló dàgbà sí, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe káfíńtà. Láti kékeré ló ti ń bá a gbé pákó. Nígbà tó lọ́kọ, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwé jẹ́léósinmi kan níbẹ̀, wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìgbọ̀nsẹ̀. Ní àsìkò òjò ọdún tó kọjá, àìsàn kan wọ ilé ìwé náà. Egbò yọ sẹ́nu àwọn ọmọ, ìléròrò yọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Àwọn òbí kan pè é ní ìgbóná, àwọn mìíràn ní ooru ni. Ẹni tó ni ilé ìwé kò tì í pa. Ó ní ọmọdé ò lè ṣe kó má ṣàìsàn. Qudrah ló ń nu itọ́ wọn, Qudrah ló ń nu ìgbẹ́ wọn. Ẹ̀rọ omi ilé ìwé ti bàjẹ́, inú garawa omi kan náà ni gbogbo wọn ń ki ọwọ́ bọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ṣíwọ́.

Ara àwọn ọmọ yá. Ó wá kan Qudrah. Ibà mú un, ọ̀nà ọ̀fun ń ta á, ìhà ń gún un bí ọ̀bẹ nígbà tó bá mí. Ìgbà tó yá, ibà náà lọ. Àárẹ̀ tó bá a wá kò bá a lọ.

Àárẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò. Qudrah lè se ọbẹ̀ lónìí, kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kó máa rò pé òun ti bọ́. Lọ́túnla, apá rẹ̀ yóò wúwo bí ẹni pé apá ẹlòmíràn ni, ìmọ́lẹ̀ yóò máa gún un lójú, ọ̀rọ̀ yóò máa sọ nù mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n tọ́jú ibà. Wọ́n tọ́jú táífọ́ìdì. Wọ́n tún padà sídìí ibà. Ó mu àgbo títí òórùn ewé fi wọ inú aṣọ wọn. Gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì ń sọ ohun kan náà: kò sí nǹkan kan.

Èdè pàápàá kò gbè é. "Ó rẹ̀ mí" ni ẹni tó ti oko dé ń sọ, òun náà ni ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń sọ. Bí Qudrah bá ti sọ ọ́, ti ẹni tó ti oko dé ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́.

Dókítà kan ṣoṣo ló gbọ́ èkejì. Tolúwalọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin ni, ilé ìwòsàn kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Muqtadir jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ pátá ló gbọ́. Dókítà béèrè nípa ilé ìwé, ó béèrè nípa egbò ẹnu àwọn ọmọ. Ó wá ṣàlàyé pé fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa irú àìsàn ọmọdé bẹ́ẹ̀, pé ìdílé fáírọ́ọ̀sì náà gbòòrò, pé inú ìfun ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i, ẹntirofáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n á wá, wọ́n á sì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ti yẹ ẹran ara àti awọ inú ikùn àwọn tí irú àárẹ̀ yìí dì mọ́ wò, wọ́n sì rí àmì fáírọ́ọ̀sì náà lára àwọn kan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn wá a, wọn ò rí i. Kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kò sí ibi tí òun mọ̀ nítòsí tí wọ́n ti lè ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń lé e jáde.

"Mi ò lè sọ fún yín pé òun ló fà á," dókítà wí. "Mo lè sọ fún yín pé àìsàn ni. Bí ẹ bá ti ara yín kọjá ibi tó lè dé, yóò gbẹ̀san, kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì, ó lè di ọjọ́ kẹta. Nígbà mìíràn, tó bá gbẹ̀san tán, ibi tí ẹ ń dé tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní lè débẹ̀ mọ́."

Alhaja Ròkíátù kò sí níbẹ̀. Ohun tí òun rí ni pé ó wọlé sí Mowe lọ́sàn-án gangan, ó bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ nídìí búrẹ́dì gbígbẹ. Ó tún rí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ìyàwó náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Kò kúnlẹ̀. Alhaja tó ti ru igi láti oko títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀, tó jẹ́ pé pẹ̀lú oyún nínú ló ń kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá ọkọ tirẹ̀, kò rí ibi tí yóò gbé irú ìkíni bẹ́ẹ̀ sí. Qudrah ní ó rẹ òun. Alhaja bi í léèrè pé ta ni kò rẹ̀.

"Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe," ó ní. "Ìwọ nìkan lo wá fi tìrẹ ṣoge."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìyá ọkọ àti ìyàwó, ó ti di ti ẹbí.

Muqtadir, tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ní Ibafo, yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n gba ọ̀nà Ṣágámù já sí Papalanto. Qudrah dùbúlẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí ọmọ wà ní ìhà rẹ̀. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló gba inú eegun rẹ̀ kọjá. Níbi tí ọkọ̀ ti rọra ń lọ, Muqtadir bẹ̀ ẹ́ pé kó kúnlẹ̀ dáadáa fún àwọn àgbà tí wọ́n bá débẹ̀, kó má fi ẹjọ́ kún ẹjọ́. Qudrah rán an létí ohun tí dókítà wí. Ọkọ rẹ̀ ní òní nìkan ni.

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ fún wọn?" Qudrah béèrè. "Gbogbo ohun tí dókítà sọ?"

"Màá sọ ọ́."

"Láti ẹnu yín o. Bó bá ti ẹnu mi jáde, àwáwí ni wọ́n máa pè é."

"Mo ní màá sọ ọ́, Ìyá Nusaybah."

Ní Ifo, Qudrah kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òpó ilẹ̀kùn ló fà mú kó tó lè dìde. Hanifah, àbúrò Muqtadir obìnrin, dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé ká pe onímọ́tò kó gbé jáàkì rẹ̀ wá ni?"

Qudrah rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí pé wọ́n ń retí kó rẹ́rìn-ín. Alhaja ní àwọn àgbà ń bọ̀ wá kírun ọ̀sán, kó bá wọn fa omi àlùwàlá láti inú kànga. Qudrah wo ọkọ rẹ̀. Muqtadir wà lábẹ́ igi mángòrò, ó rí i, ó sì gbé ojú sí fóònù. Qudrah fa omi náà títí garawa tó wà nílẹ̀ fi kún. Nígbà tí wọ́n tò láti kírun, orí àpótí ló jókòó sí kírun tirẹ̀. Ọlọ́run gba aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀. Hanifah wò ó, ó sì yọ ṣùtì.

Lẹ́yìn ìrun ni wọ́n pè é wọ pálọ̀. Alhaji Mùsáfírù jókòó sórí àga ńlá, Alhaja wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Hanifah dúró ti ògiri, Muqtadir wà lórí àpótí kékeré nítòsí ẹnu ọ̀nà. Qudrah kúnlẹ̀ kí olórí ẹbí. Bàbá náà dáhùn pẹ̀lú àdúrà, ó sì fà á gùn bí ti àwọn àgbà àtijọ́. Ó ṣàdúrà fún un, ó ṣàdúrà fún ọkọ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún àwọn tó ti kú. Kó tó ṣe àmín ìkẹyìn, itan Qudrah ti kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," Bàbá wí.

Kò dìde. Ó pàṣẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn.

"Dìde, ó ti tó."

Nílé yìí, ìyàwó tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, tí wọ́n bá ní kó dìde, á dìde. Èyí tí wọ́n bá ní kó dìde tí kò dìde, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ojú Alhaja rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ẹjọ́ tó rò pé yóò gba gbogbo ọ̀sán ti parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Muqtadir, ẹ ti rí i," ó ní. "Ẹni tó bá mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, a kì í bá a jà. Ọmọ mi, a ti gbọ́. A ti dárí jì ọ́."

Ó sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọmọ yóò dúró sí Ifo. Kì í ṣe ìjìyà, ìrànlọ́wọ́ ni. Nígbà tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bá ti mọ iṣẹ́, wọn yóò dá a padà. Alhaja ṣe àmín. Hanifah ṣe àmín.

Qudrah yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ni Muqtadir ń wò.

"Bàbá," Qudrah wí, "ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀. Mi ò lè dìde ni."

Alhaja ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ ò rí nǹkan. Ó kúnlẹ̀ tán, ó tún gba ìkúnlẹ̀ rẹ̀ padà."

Hanifah rẹ́rìn-ín. Ó rán wọn létí pé obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi kànga kún garawa níṣojú gbogbo wọn ni, ó sì béèrè bóyá omi náà ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Alhaja ní kó dìde káwọn rí i. Qudrah fi ọwọ́ kan gbára lé tábìlì, ó gbé orúnkún kan, tábìlì yẹ̀, ó sì fi ìdí jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó gbé e. Lójú wọn, eré ni.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Muqtadir. Ìwọ lo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ni dókítà wí?"

Muqtadir gbé ojú sókè, ó wo ìyá rẹ̀, ó gbé e wálẹ̀.

"Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, Bàbá. Wọn ò rí nǹkan kan."

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn náà. Ó gé òtítọ́ bó ṣe máa ń gé gíláàsì: ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kán níbi tí ó fẹ́ kó kán.

Qudrah wò ó títí ó fi mọ̀ pé kò sí èkejì tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, láti ilẹ̀ tó jókòó sí, ó sọ ìyókù fún Bàbá. Ó sọ nípa àwọn ọmọ ilé ìwé àti egbò ẹnu wọn, nípa fáírọ́ọ̀sì tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun, tó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun. Ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ lásán kì í fi í hàn. Ó sọ nípa ẹ̀san tí ara ń gbà lẹ́yìn iṣẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rí i lójú wọn pé àwáwí ni wọ́n ń gbọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ nínú ọkọ̀. Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró.

"Ẹ má jẹ́ kí n lọ sílé," ó ní. "Mo ti fa omi yín, mo ti kúnlẹ̀ fún yín. Ẹ fi mí sábẹ́ ojú yín níbí. Bó bá di ọ̀túnla, tí mo dìde tí mo gbálẹ̀, ẹ mú ọmọ, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Bí mi ò bá lè dìde, ọmọ ń bá mi lọ."

Alhaja ní kí ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá ti rí ẹjọ́ tó pọ̀, kò sì tíì rí olùjẹ́jọ́ tó fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó ní òun gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Qudrah jí, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́. Ó dìde jókòó, òyì kò kọ́ ọ. Ẹ̀rù tí kò bà á ní pálọ̀ wá bà á. Láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé ló ti ń gbàdúrà kó lọ. Ní òwúrọ̀ yìí, lórí ẹní nínú yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́ dá a padà. Orí àìsàn yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ dúró lé. Bó bá dùbúlẹ̀ tó ṣe bí ẹni tí kò lè mira, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti ń pè é gan-an nìyẹn, bó bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ti jàre.

Hanifah ti gbé ọwọ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, ọwọ̀ ń kí yín o. Ó ní kò rẹ òun."

Qudrah mú ọwọ̀, ó sì gbá àgbàlá láti etí kànga dé ìdí mángòrò. Alhaja dúró lójú fèrèsé, ó wò ó tán, ó pe Nusaybah, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ilé kéwú tí yóò máa lọ ní Ifo. Ọmọ náà béèrè bóyá ìyá òun náà yóò máa wá. Muqtadir wà nítòsí. Qudrah rí ojú rẹ̀ kedere: ara tù ú. Ì bá dùn mọ́ ọn jù lọ bó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ń purọ́ ní tòótọ́, nítorí nígbà náà kò sí ẹni tí òun dà.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, Qudrah ń dúró de ara rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ti gbéra. Kò dé.

Ìrun àsùbáà ọjọ́ kẹta ni ó dé. Ó gbọ́ ladáànì, ó fẹ́ yí orí, orí kò yí. Apá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bọ́ sí i lójú bí iyanrìn. Ó gbìyànjú láti pe orúkọ ọmọ rẹ̀, kò rí orúkọ náà.

Alhaja wọlé, ó ní kó dìde kírun. Ó tún un sọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa apá rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìbínú, ó sì jù ú sílẹ̀ láti rí bí yóò ṣe balẹ̀.

Apá náà balẹ̀. Wọ́n máa ń pe Alhaja wá wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wọn. Ó mọ bí apá ènìyàn ṣe ń wúwo nígbà tí ẹni tó ni ín kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ènìyàn lè fi ẹnu purọ́, ó lè fi ojú purọ́, kò sí ẹni tó lè fi irú ìwúwo bẹ́ẹ̀ purọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó gbé orí Qudrah sórí itan rẹ̀, ó fi ṣíbí fún un lómi. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ṣàn jáde. Nusaybah sáré wọlé, ó pe ìyá rẹ̀ lóhùn rara, ohùn ọmọ náà sì fa omi jáde lójú Qudrah.

"Rọra," Alhaja wí fún ọmọ náà. "Ara ìyá ẹ ò yá."

Hanifah dé ẹnu ọ̀nà, ó la ẹnu fún ẹ̀fẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, Hanifah sì lọ gbé omi ìwẹ̀ wá. Lọ́sàn-án, Bàbá wá dúró sẹ́nu yàrá náà, kò wọlé. Ó wo ohun tó wà lórí ẹní, ó ní kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ lọ. Òun náà ni gbogbo ìdájọ́. Kò sí ẹni tó ní kí Qudrah má bínú. Nílé yìí, àgbà kì í kúnlẹ̀.

Wọ́n dúró títí ó fi ṣeé gbé. Ní Mowe, ó hàn pé ọ̀rọ̀ dókítà ti ṣẹ. Kó tó lọ sí Ifo, Qudrah lè rìn dé géètì láti pàdé ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án. Géètì ti jìnnà báyìí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òpin ìrìn rẹ̀, ògiri ló sì ń dì mú débẹ̀. Ọmọ náà wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sùn tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ikùn ìyá rẹ̀.

Muqtadir gbé ọ̀gì wá, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ nítorí pé ó ti mọ̀ pé ariwo ń dùn ún. Ó ní ìtìjú ló mú òun lójú ìyá òun. Ó ní òun fẹ́ sọ ìyókù lẹ́yìn ìgbà tí Bàbá bá ti gbẹ́nu lé e, pé Qudrah ló yára sọ ọ́. Ó wá mú ohun tó fi pa mọ́ sẹ́yìn jáde.

"Mi ò kúkú purọ́, Ìyá Nusaybah. Ohun tí mo sọ fún wọn, òtítọ́ ni."

Ó pẹ́ kí Qudrah tó kó ọ̀rọ̀ tí yóò sọ jọ.

"Rárá," ó ní. "O ò purọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì, kò pè é ní "o" rí. Muqtadir jókòó, abọ́ ọ̀gì lọ́wọ́, ó ń retí kó tún un ṣe. Qudrah di ojú rẹ̀.